Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Yàgò Lọ́nà?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kó èrò ni a ń wí o, kẹ̀kẹ́ ológeere ni.

Ní Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, mẹ́fà nínú àwọn ọ̀dọ́ wa kó kẹ̀kẹ́ wọn jáde ní Wuse kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kẹ̀kẹ́ wọn kì í ṣe irú èyí tí àwọn bàbá wa gùn. Èyí ni wọ́n ń pè ní mountain bike, kẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún òkè àti igbó. Táyà rẹ̀ sanra, ó sì ní eyín bíi ti katakata. Sípíríìngì wà níwájú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òkúta fọ́ ẹni lápá, jíà rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹni tí ó lókun lè fi gun òkè tí ewúrẹ́ ń ronú kí ó tó gùn. Wọ́n gba ọ̀nà Bwari, wọ́n sì yà sí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè níhà Ushafa. Nígbà tí wọ́n gun òkè náà dé orí, wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ kọ ìsàlẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa sáré láàárín igbó.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Gbagyi, tí ó gbé igi ìdáná sí èjìká. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ pé àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Gwari, kì í ru ẹrù sórí bíi tiwa. Èjìká ni àwọn obìnrin wọn fi ń gbé e. A ti gbọ́ lẹ́nu wọn pé orí ni ọba ara, a kì í sì í di ẹrù lé ọba. Igi gígùn lórí èjìká a máa gba gbogbo ìbú ọ̀nà ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin tí ó ṣíwájú kò ní aago, nítorí náà ó pariwo ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ìyá náà kúrò lọ́nà. Ìyá yà sínú koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú, igi sì fọ́n káàkiri. Ọmọkùnrin náà kígbe pé kí ó má bínú, ṣùgbọ́n kò dúró, ó di ìsàlẹ̀ òkè. Ẹni tí ó tẹ̀lé e ni ó bọ́ sílẹ̀, tí ó gbé ìyá dìde, tí ó sì bá a ṣa igi rẹ̀ jọ.

Orúnkún ìyá bó, ṣùgbọ́n egungun kò ṣẹ́. A dúpẹ́. Àwa kò ní sọ ìtàn yìí bí ẹni tí ń sọ ti ará ilé kejì. Ọmọkùnrin tí kò dúró yẹn, ọmọ wa ni, ọmọ bíbí inú wa.

Ẹjọ́ tí a kò lè dá

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìpàdé ẹgbẹ́, ọmọ wa kò sẹ́. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó sì ro ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Èkínní, ó ní òun pariwo, kò sí pé òun dédé yọ sí ẹnikẹ́ni. Èkejì, ó ní ọ̀nà ìjọba ni, kì í ṣe ti ìyá náà ju bí ó ti jẹ́ tòun lọ. Ẹ̀kẹta, ó ní bí òun bá tẹ bíréèkì lójijì lórí òkúta tí ń yọ̀, òun gan-an ni ì bá ṣubú, bóyá òun ì bá sì fi orí sọlẹ̀.

Ẹnu àwọn àgbà kò kò. Àwọn kan ní kí ni ọmọ ẹni tí ó ní ilé àti iṣẹ́ ń wá nínú igbó, nígbà tí kì í ṣe ọdẹ. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí, nítorí ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láìfara kanra. Bàbá kan sì wí pé bí ó bá jẹ́ ìyá tiwa ni wọ́n gbá sínú koríko, ohùn wa ì bá yàtọ̀. A tú ká láì dá ẹjọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn wa, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a fi gbé e wá síwájú gbogbo ẹbí.

Ìbéèrè náà ni pé, nígbà tí ẹni méjì bá pàdé lójú ọ̀nà tí kò gba ju ẹnì kan lọ, ta ni ó yẹ kí ó yàgò? Òótọ́ ni pé ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó kì í ṣe ojú ọ̀run.

Kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa

Bàbá wa gun Raleigh, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa dọ́gba lọ́jọ́ orí rántí rẹ̀: aládúdú ni, aago rẹ̀ ń dún gbinrin-gbinrin, dáínámò ń tan iná rẹ̀ lálẹ́. Àpò kòkó ni bàbá wa ń dì sẹ́yìn rẹ̀ láti oko wá sílé, lójú ọ̀nà tí koríko ti dí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Nígbàkúùgbà tí ó bá rí ẹni tí ó ru ẹrù bọ̀ níwájú, ìbáà ṣe obìnrin tí ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọmọdé tí ó ru omi, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú koríko, yóò sì kí onítọ̀hún pé, "Ẹ kú ẹrù o." Yóò dúró títí tí ẹlẹ́rù yóò fi kọjá.

Ní ọjọ́ kan, a bi í léèrè pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí àwọn ni kí wọ́n yà fún òun, nígbà tí àpò kòkó tirẹ̀ wúwo ju ẹrù gbogbo wọn lọ. Ó dáhùn pé, "Kẹ̀kẹ́ ni ó ru tèmi. Ọrùn ni ó ru tìyẹn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A rò pé ọ̀rọ̀ tí a ń wá kiri nínú ìpàdé kò ju èyí lọ. Bàbá wa kò wo ẹni tí ó dàgbà jù, kò wo ẹni tí ẹrù rẹ̀ níye lórí jù, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ojú ọ̀nà. Ohun tí ó wò ni ẹni tí dídúró yóò ni lára jù. Ẹni tí ó ru igi, bí ó bá sọ̀, ta ni yóò tún gbé e rù ú? Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kí ni ó pàdánù ju ìṣẹ́jú kan lọ?

Ní ti pé ọ̀nà náà jẹ́ ti ìjọba, òótọ́ ni ọmọ wa sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀hún kò pé. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé gbogbo ilẹ̀ Àbújá wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ni ó la ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn. Kò sí kongílá tí ó gba owó rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tí ń lọ sóko, tí ń ṣẹ́gi, tí ń pọnmi ni ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di ọ̀nà. Bí wọ́n bá kúrò lójú rẹ̀ fún òjò méjì péré, igbó yóò gbà á padà, kẹ̀kẹ́ kò sì ní rí ibi gbà. Yorùbá mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá wa fi ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ láti yẹ ọ̀nà oko, tí gbogbo agboolé yóò kó àdá jáde. Ní Òṣogbo títí di òní, Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, èyí tí í ṣe ìtọ́jú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ nípa àti dé igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹni tí ó bá ń gbádùn ọ̀nà tí ẹlòmíràn tẹ̀, àlejò ni lójú ọ̀nà náà, kódà bí ó bá ní ìwé àṣẹ.

Ohun tí ojú àwọn ẹlòmíràn ti rí

Ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ní irú ẹjọ́ yìí. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwọn tí wọ́n dá eré kẹ̀kẹ́ òkè yìí sílẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ ní agbègbè Marin ní Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n ń kó àwọn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gun òkè, wọ́n sì ń fi wọ́n sáré wálẹ̀. Ní ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n pè ní Repack. Orúkọ náà ní ìtàn: bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn a máa gbóná títí gíríìsì inú rẹ̀ yóò fi jó di èéfín, tí wọn yóò sì ní láti tú u, kí wọ́n tún gíríìsì mìíràn dì sínú rẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eré yìí ti jẹ́ ọ̀rọ̀ bíréèkì.

Kò pẹ́ tí àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí ń gun ẹṣin lórí òkè Tamalpais fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró mọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́. Lójú ọ̀nà gbòòrò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ní eré wọn kò gbọdọ̀ ju máìlì 15 lọ ní wákàtí kan, kò sì gbọdọ̀ ju máìlì 5 lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn. Lónìí, òfin tí àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ fúnra wọn ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni pé oníkẹ̀kẹ́ ni kí ó yàgò fún ẹni tí ń rìn, àti pé ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí ó yàgò fún ẹni tí ń gòkè bọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ bàbá wa fún wọn, síbẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí.

Ní ilẹ̀ Faransé, VTT ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ yìí. Nínú igbó àti abúlé wọn, wọ́n ń fi àmì sójú ọ̀nà, onígun mẹ́ta kan pẹ̀lú òbìrí méjì, àwọ̀ rẹ̀ sì ń sọ bí ọ̀nà ti le tó: àwọ̀ ewé fún èyí tí ó rọrùn, lẹ́yìn náà búlúù, pupa, títí dé dúdú fún èyí tí ó le jù. Síbẹ̀, igbó kan náà ni àwọn tí ń rìn fún ìgbádùn, àwọn tí ń wá olú, àti àwọn ọdẹ ń lò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní Montriond ní ilẹ̀ Faransé, ọdẹ kan yìnbọn, ìbọn náà ba ọmọ Wales kan tí ń gun irú kẹ̀kẹ́ yìí, ó sì kú. Nígbà tí a sọ ìtàn yìí fún ọmọ wa, ó dákẹ́. Ó yé e pé ẹni tí ó lágbára níwájú ẹlẹ́rù jẹ́ aláìlágbára níwájú oníbọn. Bí oníbọn náà bá wí pé òun ti pariwo, àti pé igbó ìjọba ni, ǹjẹ́ inú ẹbí ẹni tí ó kú yóò rọ̀?

Ọmọ wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní ṣebí ní ìdíje Òlíḿpíìkì tí wọ́n ṣe ní Paris ní oṣù keje ọdún 2024, lórí òkè Élancourt, Tom Pidcock ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Táyà rẹ̀ jò, ó pàrọ̀ rẹ̀, ó lé wọn bá, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ igi kan kọjá lára Victor Koretzky ọmọ Faransé ní ìyípo ìkẹyìn, ó sì gba wúrà. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan nínú èrò tilẹ̀ hó lé e lórí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà ni ó gbà láti díje. Ìyá tí ó gbé igi kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ohun tí yóò fi se oúnjẹ ni ó ń gbé lọ sílé.

Wuse tí a wà yìí

Ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Kí wọ́n tó lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Àbújá ní ọdún 2006, ta ni nínú wa tí kò bú wọn rí? Ní Berger, ní iwájú ọjà Wuse, wọn yóò fọn fèrè lé ọ lẹ́yìn, ìwọ yóò sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́. A máa ń wí pé wọn kò lójú àánú. Ọmọ wa náà ti bú wọn rí nígbà tí ó kéré, lọ́jọ́ tí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn, òun ni ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ náà sì jìn ju ti kẹ̀kẹ́ lọ. Ní ọdún 1975, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed ń wá ibi tí olú-ìlú yóò wà, ọmọ Yorùbá ni wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ náà, Adájọ́ Akinola Aguda. Ní oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba fi òfin dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ ibi tí ó wà láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, tí ẹ̀yà ńlá kankan kò ní sọ pé tòun nìkan ni. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò ṣófo. Wuse jẹ́ orúkọ abúlé kí ó tó di orúkọ àdúgbò wa. Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Kaduna lọ, ẹ ó kan Sabon Wuse ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hausa ni Wuse Tuntun. Wọ́n ti ní kí àwọn kan yàgò kí àwa tó ráyè dé. Kódà, ìyá tí ń mọ ìkòkò lẹ́yìn owó ogún náírà, Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi ni. A ń gbé e kiri nínú àpò láì mọ̀ ọ́n.

A kò sọ èyí láti mú kí ẹnikẹ́ni máa bẹ̀rù tàbí kí ó di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ọmọ Nàìjíríà ni wá, a ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbikíbi ní orílẹ̀-èdè wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n ti yà fún lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí ara máa tì í láti tún pariwo pé kí wọ́n yà fún òun lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè ìyá náà

Lẹ́yìn ìpàdé, a mú ọmọ wa, àwa àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ìyá ṣa igi, a padà lọ wá ìyá náà. A gbé iṣu dání àti owó oògùn. Hausa tí a gbọ́ díẹ̀ àti èyí tí òun náà gbọ́ ni a fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọmọ wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó gba iṣu, ó ní kò sí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pẹ̀lú ìyanu, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, pé, "Kí ni ẹ̀yin ń sáré lọ gbé?"

Ọmọ wa kò rí èsì fọ̀. Kò sí ohun tí wọ́n ń lọ gbé.

A ti ronú púpọ̀ lórí ìbéèrè yẹn. Àwọn kan lè wí pé ó ti dá ẹjọ́ náà tán, pé eré lásán ni kẹ̀kẹ́ òkè, kí àwọn ọ̀dọ́ jáwọ́ ńbẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwa tí a ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti di ọ̀rẹ́ wa, mọ̀ pé ọmọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè Bwari sàn ju ọmọ tí ó ń sùn sídìí tẹlifíṣọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bá pàdé àìgbọdọ̀máṣe lójú ọ̀nà tóóró, eré ni kí ó dúró. Eré lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Ikùn tí ń dúró de oúnjẹ nílé kò lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun.

Ó wá ku ẹjọ́ kẹta, ti bíréèkì, èyí tí ó le jù. Òótọ́ ni pé lójú ibi tí wọ́n ti pàdé, bóyá ọmọ wa kò lè dúró mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Orí òkè ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó yan irú eré tí kò ní jẹ́ kí ó lè dúró bí ó bá rí ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn kọ́nà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sáré bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń wa ọkọ̀ ńlá ní Wuse, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá tí ń fi ìbínú buwọ́ lùwé. Nígbà tí wọ́n bá wí pé, "Ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀," ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí ọwọ́ wọn ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti ariwo tí ó pa, àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Yíyàgò tí a fi ìkíni béèrè yàtọ̀ sí èyí tí a fi ariwo gbà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ṣì ń lọ ní Sátidé. Gbogbo kẹ̀kẹ́ wọn ti ní aago báyìí. Wọ́n ti fẹnu kò pé níbi tí ojú kò bá ti ríran jìnnà, wọn yóò dẹ eré; bí wọ́n bá rí ẹlẹ́rù, wọn yóò bọ́ sílẹ̀, wọn yóò wọ inú koríko, wọn yóò sì kí i ní èdè rẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń kọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí siwájú àwọn ọmọ yín nílé, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ. Kí ẹ sì bi ara yín náà léèrè ẹni tí ẹ ti tì sínú koríko láì bojú wẹ̀yìn.

Àdúrà àwọn baba wa ni pé kí á má rìn ní ọjọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Àṣẹ. A fi kún un pé, kí àwa náà má di ebi tí ń pa ọ̀nà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́, ẹsẹ̀ wa kò ní yẹ̀ lájò, ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ire o.